Bí Bíìmù Ṣe Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Alàgbà Ṣówándé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Kọ́ńkéré inú kọ̀ǹpútà kì í sán"? Ẹ ní àgbà wo ló mọ kọ̀ǹpútà? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àgbà tó kọ́kọ́ pa á ṣì wà láyé, ó ń jẹun dáadáa.

Ẹnjiníà kan wà tó ń jẹ́ Akínbọ̀dé. Ìbídùn, ọmọ Alàgbà Ṣówándé, ló fẹ́ fi ṣaya. Alàgbà yìí sì ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́. Ó fẹ́ kí pálọ̀ òkè fẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì fẹ́ òpó kankan láàárín ìsàlẹ̀. Akínbọ̀dé rí i pé àǹfààní dé. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi iṣẹ́ yẹn lé mi lọ́wọ́."

Ó ya ilé náà sínú kọ̀ǹpútà, ó gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá kí ẹ̀rọ lè ṣírò rẹ̀, ó gbé ẹrù lé e. Ó wá bi ẹ̀rọ léèrè bí bíìmù, ìyẹn ìtì kọ́ńkéré gígùn tó gbé pálọ̀ náà, yóò ṣe tẹ̀ tó. Ẹ̀rọ ní kò ní ju ìnípọn owó ẹyọ lọ.

Bàbá Lámídì, bírikìlà àgbà tó ń kọ́ ilé náà, mi orí. "Ẹnjiníà, bíìmù yìí gùn o. Bí kọ́ńkéré bá ti gbẹrù, ó máa ń sán wẹ́wẹ́ lábẹ́. Irin inú rẹ̀ ò ní jẹ́ kó wó, ṣùgbọ́n kì í le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣé o sọ ìyẹn fún ẹ̀rọ rẹ?"

"Mo ti ṣírò ẹ̀, Bàbá."

Irọ́ ni. Kò ṣírò nǹkan kan. Ìbídùn ló wà nítòsí, ojú sì ń ti Akínbọ̀dé láti sọ pé òun gbàgbé.

Ilé parí. Lọ́jọ́ tí ìdílé Akínbọ̀dé wá tọrọ ọmọ, pálọ̀ òkè ni wọ́n kó wọn sí. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, àwọn ará ilé Akínbọ̀dé kì í ṣe èèyàn kékeré. Ẹni tó tín-ín-rín jù nínú wọn, àga ń ké lábẹ́ rẹ̀ ni. Alàgbà kí wọn káàbọ̀, ó ní òun ń bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lábẹ́ bíìmù yẹn gan-an.

Ó ṣe tán, ó fa ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kọ̀. Ó tún fà á, ọwọ́ ilẹ̀kùn yọ sí i lọ́wọ́.

Lókè, àwọn àlejò ti ń kùn. Ìyá Wúrà, ẹ̀gbọ́n bàbá Akínbọ̀dé, ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba àna lálejò níbí nìyí?" Làwọn ará ilé bá gòkè lọ bẹ̀ wọ́n. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i lókè ni bíìmù ń tẹ̀, tó ń tẹ férémù ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀. Aládùúgbò gbọ́ ariwo, àwọn náà gòkè wá wòran. Ohùn Alàgbà wá dà bíi ti òbúkọ: "Ẹ gbà mí o! Òkè ń bọ̀!"

Akínbọ̀dé sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn tòun ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òógùn ti bò ó. "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ilẹ̀kùn yín ò lè há. Ó wà níbí, bíìmù ò tẹ̀."

"Akínbọ̀dé," ni Alàgbà wí láti inú, "ṣé inú kọ̀ǹpútà ni mo wà ni?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Lámídì. Ó wo abẹ́ bíìmù, ó rí àwọn ìlà tó tín-ín-rín bí irun orí. Ó ní, "Kò ní wó. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lókè yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan." Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá ku Ìyá Wúrà nìkan. Ó ní òun ò níbi í lọ, iyán òun ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀ ni.

Akínbọ̀dé fẹ́ sáré gòkè lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá Lámídì pariwo, "Má gòkè o! Ìsàlẹ̀ níbí ni kó o ti dọ̀bálẹ̀!" Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ síwájú ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ṣírò kọ́ńkéré bí ẹni pé kì í sán, mo tún fi irọ́ kún un."

Ìyá Wúrà gbé àwo iyán rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Kó tó tẹ àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ilẹ̀kùn ṣí gbàà, Alàgbà sì já lu ẹ̀yìn Akínbọ̀dé tó ṣì dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀.

Abẹ́ igi ọsàn ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà. Akínbọ̀dé ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ níwájú Bàbá Lámídì, ó dín líle bíìmù náà kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta nítorí sísán náà. Ẹ̀rọ jẹ́wọ́: bíìmù tẹ̀ tó ìka méjì. Wọ́n fẹnu kò pé òpó máa dúró láàárín, bí Alàgbà fẹ́, bó kọ̀.

Alàgbà wá yíjú sí i. "O jẹ́wọ́, ìyẹn wù mí. Ṣùgbọ́n ṣé o ò ní máa bá ọmọ mi jà?"

"Láéláé, sà! Mo ti rò ó wò dáadáa. Ìjà kan ò ní wọ ilé wa."

Ìbídùn rọra bojú. Gbogbo àgbà wo ara wọn, wọ́n wo ilé. Alàgbà mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, kọ́ńkéré inú kọ̀ǹpútà kì í sán."