Ẹgbẹ́ Tí Mo Tò Sí Ìkẹyìn Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Bí mo bá dàgbà débi tí mo ti ń gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, nítorí àwọn ará Ìtòkú ò ní jẹ́ kó kúrò. Títí di òní, bí mo bá gba àdúgbò yẹn kọjá, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bi mí pé ipò wo ni mo to òun sí. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹ má baà lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń bù mọ́ ọn.

Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe nígbà yẹn, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan l'Ábẹ́òkúta. Àárọ̀ Sátidé ni ètò eré ìdárayá mi. Lọ́dọọdún, kí líìgì bọ́ọ̀lù àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bẹ̀rẹ̀, màá lọ wo àwọn ẹgbẹ́ níbi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀, màá wá tò wọ́n lórí afẹ́fẹ́: èyí ni yóò ṣe ìkíní, èyí ni yóò ṣe ìkejì, títí dórí èyí tí kò tilẹ̀ yẹ kó jáde nílé. Ta ló yàn mí? Èmi ni mo yan ara mi. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, bàtà àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń ní kí n ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi dùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fẹ́ràn àríyànjiyàn. Bí mo bá ti tò wọ́n tán, ariwo á sọ nínú àwọn ilé ibùgbé wọn, èmi á sì máa yan fanda nígboro bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọba.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ Rọ́fíátù ló gbà mí lọ́kàn ju bọ́ọ̀lù lọ. Ọmọ Alhájì kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú ni. A ti ń fẹ́ra bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, mo sì fẹ́ fi ṣaya. Alhájì ò bèèrè ilé, kò bèèrè mọ́tò. Ohun tó sọ fún ọmọ ẹ̀ kò ju pé, "Bó bá ń kírun, tó sì ń gba ààwẹ̀ ẹ̀ pé, kó kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá lẹ́yìn ọdún ìtúnu." Rọ́fíátù fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní ààwẹ̀ ẹyọ kan kì í bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọmọ Mùsùlùmí ni mí lóòótọ́, ìrun ò sì sú mi. Ibi ààwẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Màá jí jẹ sààrì dáadáa, màá tún fi ẹ̀bà lé e, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú díẹ̀ báyìí, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo wá sọ fún ara mi pé ọgbẹ́ inú ló ń ṣe mí. Dókítà kankan ò bá mi sọ bẹ́ẹ̀ o. Èmi ni mo yẹ ara mi wò, èmi náà ni mo fún ara mi láyè láti jẹun. Lójú Rọ́fíátù, màá máa lá ètè, màá ní oùngbẹ ọdún yìí mà le.

Nínú oṣù ààwẹ̀ yẹn gan-an làwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ń múra sílẹ̀, torí lẹ́yìn ọdún ìtúnu ni líìgì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ sí Ìtòrí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn ọmọ Kírísítẹ́nì ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń fò, kóòṣì wọn gbé omi tútù kalẹ̀, wọ́n gbé e mì. Lójú ẹsẹ̀ ni mo fún wọn ní ipò kìíní. Mo tún lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn nọ́ọ̀sì kan, níbi tí ọkùnrin ò ti pọ̀ tó, tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ géètì ló bá wọn dúró lẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyẹn, mo ti ní kí wọ́n máa lọ sí ìkẹyìn.

Ọjọ́bọ̀ ni mo wá forí lé Kọ́bapẹ́, lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Àwọn Mùsùlùmí ló dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Mo rí ìyá kan lẹ́bàá títì tó ń din àkàrà tí àwọn èèyàn máa fi ṣínu. Mo rà á, mo ra búrẹ́dì àti mínírà mọ́ ọn. Bí Màmá ṣe ń dì í ló ní, "Ẹ kú oùngbẹ o. Ọlọ́run á jẹ́ ká fi ṣínu láyọ̀." Mo ní, "Àmín, Màmá." Ẹnu mi ò tilẹ̀ gbọ̀n. Mo wa mọ́tò mi, aláwọ̀ ewé kan tí éésì ẹ̀ ti kú, lọ sábẹ́ igi kaṣú tó wà lẹ́yìn ojú ilé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí, mo yí gíláàsì wálẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọwọ́ kan wà lára bíírò, ọwọ́ kejì wà nínú ọ̀rá àkàrà.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ bí mi nínú. Àwọn ọmọ yẹn ń rìn lórí pápá ni. Atamátàsé wọn jókòó, ó ń wo oòrùn. Aṣọ́lé wọn kúkú dùbúlẹ̀ sẹ́nu ilé tó ń ṣọ́, ó kọjú sí ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi, ó ń fa ìmú, bọ́ọ̀lù sì ń gba orí ẹ̀ kọjá. Wọ́n gbé omi wá, wọ́n bù ú sẹ́nu, wọ́n yọ ẹnu wọn, wọ́n tu ú dànù. Mo gbé mínírà mi mu, mo mi orí. Mo ní irú ọ̀lẹ wo rèé? Jẹ́sì wọn gan-an, àdìrẹ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí, tí mo ra àkàrà ìṣínu, tí mo ṣàmín sí àdúrà ìṣínu, mi ò mọ̀. Ẹni tó yó, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ebi?

Nígbà tó di Sátidé, mo tò wọ́n. Mo gbé Ìtòrí sókè, mo gbé àwọn nọ́ọ̀sì kúrò nísàlẹ̀, mo sì fi Kọ́bapẹ́ síbẹ̀. Mo ṣàlàyé ìdí ẹ̀ kúnnákúnná. Mo ní wọn ò lágbára, wọ́n ń sùn lórí iṣẹ́, wọ́n fún wọn lómi wọ́n ń tu ú dànù. Mo wá fi àbùkù kan aṣọ wọn pé, "Ẹni tó fi àdìrẹ rán jẹ́sì yẹn, kó jọ̀ọ́, kó padà sídìí aró." Káyọ̀dé tó ń bójú tó ẹ̀rọ fún mi dorí kodò, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo rò pé àwàdà mi ló dùn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè wá, obìnrin àgbàlagbà ni. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o jẹ sààrì lónìí?"

Mo ní, "Mo jẹ ẹ́ dáadáa, mà. Ẹ ṣeun."

Ó ní, "Kò burú. Ọlọ́run á ṣí ẹ lójú." Mo ṣe àmín sí ìyẹn náà.

Alhájì ti ní kí n wá bá òun ṣínu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo wọ jàlámíà funfun, mo fi tùràrí ra ara, mo gbé mọ́tò mi síwájú ilé, mo wọlé. Mo rí ẹní tí wọ́n tẹ́ káàkiri pálọ̀. Lórí ẹní, gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kọ́bapẹ́ ló jókòó lọ bẹẹrẹ nínú jẹ́sì àdìrẹ wọn, tí wọ́n ń wò mí. Alhájì tí mo fẹ́ fọmọ ẹ̀ ṣaya ni bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́. Òun ló rán jẹ́sì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi," ni Alhájì wí. "A gbọ́ ẹ lórí rédíò. Ó ní ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́. Ọjọ́ tí o lọ wò wọ́n, ṣé ààwẹ̀ wà lẹ́nu ẹ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Oùngbẹ ń gbẹ ẹ́?"

"Gan-an ni, sà."

Ó rọra ń ka tẹ̀sùbáà ẹ̀. "Ẹni tí oùngbẹ ń gbẹ, tó bá rí ẹni tó yọ ẹnu tó tu omi dànù nínú oṣù yìí, kì í bèèrè pé kí ló dé. Ara ẹ̀ á ti sọ fún un. Ìwọ wá pè é ní ọ̀lẹ."

 Mo fẹ́ mẹ́nu ba ọgbẹ́ inú, aṣọ́lé ọjọ́sí bá nawọ́ sókè. Mùtíù lorúkọ ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà ti bi mí ní ìdí tí mo fi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àkàrà ló ń ta sánsán láti inú mọ́tò kan lábẹ́ igi kaṣú, ẹsẹ̀ mi ò sì gbé mi mọ́. Mọ́tò aláwọ̀ ewé ni. Irú ẹ̀ ló wà níwájú ilé báyìí, mo ń rí i lójú fèrèsé."

 Mo wo Rọ́fíátù tó gbé abọ́ dàbínù dání lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe àkàrà ló dùn mí. Èmi ni mo ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹ lójú bàbá mi." Ó wọlé lọ. Ìtìjú bò mí. Ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni.

Wọ́n pe ìrun mọ́gàríbì. Alhájì jẹ dàbínù kan, ó ní, "Ó dáa. Bí o ṣe ń to ẹgbẹ́, èmi náà ti to àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Ìwọ lo wà ní ìkẹyìn."

Mo rọra bèèrè pé, "Àwa mélòó la wà níbẹ̀, sà?"

Ó ní, "Ìwọ nìkan ni."

Kódà atamátàsé tó ń múnú bí mi rẹ́rìn-ín. Alhájì wá pàṣẹ fún mi pé kí n gba ìyókù ààwẹ̀ náà, kí n sì máa lọ bá ẹgbẹ́ òun sáré ní Kọ́bapẹ́ nírọ̀lẹ́. Òun ò ní ṣọ́ mi. Mùtíù lá máa ṣọ́ mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jẹyà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò tíì sáré yí pápá ká tán tí mo fi dùbúlẹ̀ sẹ́nu ilé bọ́ọ̀lù, mo kọjú sí òpópónà, mò ń wo oòrùn pé ìgbà wo ló máa wọ̀. Mùtíù gbé omi wá. Mo bù ú sẹ́nu, mo yọ ọ́, mo sì tu ú dànù, gbogbo ara mi ń sunkún omi yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí mi létí, ó fi ohùn tí mo fi ń ka ètò mi sọ pé, "Ọ̀lẹ ni wọ́n. Wọ́n fún wọn lómi, wọ́n ń tu ú dànù." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò tilẹ̀ jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ nǹkan kan. Ọgbẹ́ inú tí mo ní, mi ò tún gbọ́ ìró ẹ̀ mọ́.

Ọdún ìtúnu lọ tán, líìgì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Kọ́bapẹ́ ti jẹun kánú, wọ́n sì na Ìtòrí dáadáa. Èmi náà ni mo kà á lórí rédíò. Kí n tó kà á tán, ìpè wọlé. Alhájì ni. Ó kí gbogbo olùgbọ́, ó wá ní, "Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n máa bọ̀ ní Jímọ̀. Ọmọ mi ní òun ti gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Mùtíù pé o gba ìyókù ààwẹ̀ náà pé." Káyọ̀dé ní òun ò rí mi kí n máa sunkún lórí afẹ́fẹ́ rí.

Rọ́fíátù ti di ìyàwó mi báyìí. Lọ́jọ́ yìgì wa, Mùtíù gbé ẹ̀bùn wá, wọ́n fi bébà wé e dáadáa. Àkàrà gbígbóná ni, pẹ̀lú búrẹ́dì. Mi ò to ẹgbẹ́ kankan mọ́ láìjẹ́ pé mo bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ebi kì í pa mí nínú ààwẹ̀ kí n tún wá ẹ̀rí dókítà tí kò sí. Lóṣù ààwẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n bá Alhájì ṣàwàdà díẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ààwẹ̀ mi pé o. Ipò wo ni mo wà báyìí?"

Ó ní, "O ti dé ìkejì."

Mo ní ta ló wá wà ní ìkíní.

"Mùtíù," ni bàbá wí. "Òun ló gbóòórùn àkàrà, tí kò jẹ."