Aago Ọwọ́ Já Irọ́ Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé: ọjọ́ tí aago ọwọ́ já irọ́ mi ní Woolwich, nílùú London.

Ẹ́kísímà ló ń bá mi jà. Ara á máa yún mi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí mo bá dìde, ẹ̀jẹ̀ á ti wà lára bẹ́ẹ̀dì, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, á ní, "Mummy, ológbò wo ló ha ẹ léèékánná?" A ò sin ológbò.

Bí mo ṣe gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan ń ṣèwádìí àgbàlagbà tí ẹ́kísímà kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, tí wọ́n á sì fún wọn ní ìtọ́jú, mo sáré forúkọ sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní aago ọwọ́ tó ń ka bí èèyàn ṣe ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì, àti ìwé tí mo máa kọ bí mo ṣe sùn sí láràárọ̀.

Ìwé yẹn ló kó bá mi. "Ṣé o sùn dáadáa?" ló wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, kí ló máa fèsì láàárọ̀? "Dáadáa ni, a dúpẹ́." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dúpẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo tiẹ̀ bi ìwé lọ́jọ́ kan pé òun náà ńkọ́!

Òrí tí mo fi para tún jẹ́ kí aago yọ̀ bọ́. Ọmọ mi wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀, ó fò lórí àga títí.

Lọ́jọ́ tí mo dá aago àti ìwé padà, Tọ́lá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn náà, wo ìwé, ó wo kọ̀ǹpútà.

"Auntie, ìwé rẹ ní o ń sùn bí ọmọ ìkókó."

"A dúpẹ́." Ẹ ò rí ẹnu mi!

"Aago ní o ń jà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru. Lọ́jọ́ Tuesday, ó ní o fò lọ́sàn-án fún wákàtí méjì."

"Ọmọ mi nìyẹn."

"Tó bá jẹ́ pé o ń sùn, a máa yọ ẹ́ o. Àwọn tí ò rí oorun sùn la ń wá."

Ṣé ìwà ọmọlúàbí ló fẹ́ gba ìtọ́jú lọ́wọ́ mi báyìí? Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, mo fi apá hàn án. "Tọ́lá, irọ́ ni mo pa. Mi ò sùn o." Omijé bọ́.

Tọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Mummy mi náà nìyẹn! Ó ṣubú ní Powis Street, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, ó ń sọ fún àwọn ambulance pé òun wà fine, thank God!" Ó fún mi ní ìwé tuntun.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ òótọ́ débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á. Wọ́n gbà mí, wọ́n fún mi ní ìpara, wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa lò ó. Bẹ́ẹ̀dì mi ti mọ́ báyìí. Mo ti gbọ́n: aládùúgbò ni wọ́n ń fi "a dúpẹ́" kí, dókítà ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ju òótọ́ lọ.

Lánàá, oorun gbé mi lọ, a pẹ́ dé nọ́sìrì. Tíṣà béèrè ohun tó dá wa dúró.

"Mo sùn dáadáa ni, a dúpẹ́," ni mo wí, ẹ̀rín sì pa mí. Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀.