Kìnnìún Òkun tí Mo Yà sára Ògiri

Ọjọ́ Ajé kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi, àní bí mo bá di arúgbó. Ọ̀gá Ayàwòrán ni wọ́n ń pè mí ní Agége. Ká má parọ́, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi kí ẹnikẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀.

Àlhájà tó ni iléèwé tí Àṣàkẹ́ ọmọ mi ń lọ ní Oregun ló ní kí n ya àwọn ẹran omi sára ògiri ẹnu géètì: ẹja, alákàn, kìnnìún òkun.

"Ṣé ẹ mọ kìnnìún òkun?"

"Àlhájà, mo ti yà á láìmọye ìgbà."

Mi ò rí i rí. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ní òun ò mọ nǹkan, oníbàárà á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Mo sì rò pé orúkọ ẹ̀ ti sọ gbogbo ẹ̀.

Lópin ọ̀sẹ̀, mo ya kìnnìún gidi sórí ìgbì, mo so ìrù ẹja mọ́ ọn nídìí. Iṣẹ́ náà wú mi lórí débi pé mo fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí i lẹ́nu.

Láàárọ̀ Ajé, ọmọ àkọ́kọ́ tó dé géètì figbe ta, ó sá padà. Èkejì kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Nígbà tó yá, mègádì ń fọwọ́ bo àwọn ọmọ lójú kó tó mú wọn wọlé. Àṣàkẹ́ tó ti ń fi mí yangàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dúró tì mí. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ bi í pé, "Ṣé dádì ẹ ló yà á?"

Ó wo ilẹ̀. "Rárá o."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Àlhájà ò pariwo. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó fi ẹranko náà hàn mí lórí fóònù: ara ẹ̀ ń dán, etí ẹ̀ kéré, apá pẹlẹbẹ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ náà ló fi ń rìn nílẹ̀. Akọ ẹ̀ ní irun lọ́rùn, nígbà tó sì lanu, ohùn ẹ̀ gba gbogbo ọ́fíìsì kan.

"Irun yẹn àti ohùn yẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi pè é ní kìnnìún. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, Ọ̀gá. Ẹ̀yin ò wolé rárá."

Ẹranko yẹn ní ohun tó fi gba orúkọ ẹ̀. Ọ̀dà ni mo fi kọ tèmi.

Lọ́sàn-án, mo pa àwòrán náà rẹ́, mo sì ń tún un yà, fóònù Àlhájà lọ́wọ́ òsì mi. Àṣàkẹ́ wá jókòó tì mí.

"Dádì, ṣé ẹ ti rí i rí tẹ́lẹ̀?"

"Mi ò rí i rí."

Ó wo fóònù, ó wo ògiri, ó bá pe ọ̀rẹ́ ẹ̀. "Wá wò ó, dádì mi ló ń yà á."

Látìgbà náà, mo máa ń béèrè bí nǹkan ṣe rí kí n tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo ti pa "Ọ̀gá" rẹ́ lára ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìròyìn ti dé Agége ṣáájú mi. Kìnnìún Òkun ni wọ́n ń pè mí báyìí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń jẹ́ ẹ. Èyí, wọ́n wolé kí wọ́n tó sọ ọ́.