Àga Ọlá Lábẹ́ Afárá Ọ̀sẹ̀rẹ̀

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà ìlú wa fi máa ń sọ pé abẹ́ ni wọ́n ti ń kí afárá? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á lówe kiri ni, bí ẹni tó wọ ẹ̀wù baba rẹ̀ tí kò mọ ibi tí baba ti rí i. Ẹ jókòó dáadáa. Èmi fúnra mi, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, àyà mi ṣì máa ń já, torí pé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibi tí kò sì yẹ kí ẹni tí orí rẹ̀ pé jókòó sí ni mo jókòó sí.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Fátúróti. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ àwọn afárá wò lọ́dọọdún, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé bóyá ara wọn le tàbí kò le. Afárá orí odò Ọ̀sẹ̀rẹ̀, ní àbáwọlé ìlú wa, wà lára àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Afárá náà ti dàgbà. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti da kọnkéré rẹ̀, èmi náà kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́, bí ẹ ṣe ń wò mí yìí.

Abẹ́ ni àìsàn afárá máa ń wà. Òkè rẹ̀ lè máa dán, kí ọkọ̀ máa sáré lórí rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, nígbà tí omi òjò ti ń jò wọnú, tí irin inú ti ń dípẹtà, tí kọnkéré sì ti ń bó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò, yóò gbójú sókè, yóò fi òòlù kan kọnkéré náà láti ibì kan dé ibòmíràn. Èyí tó le yóò dún kọ́. Èyí tó ti ṣófo nínú yóò dún pọ̀ọ̀ bí agbè. Fátúróti mọ gbogbo èyí, ó kàwé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlú wa ni Fátúróti ti fẹ́yàwó. Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́, ìyá ìyàwó rẹ̀, fùfú ló ń ṣe, abẹ́ afárá yẹn gan-an ló sì ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, òun àti obìnrin mẹ́fà mìíràn tí gbogbo wọn jẹ́ ará ilé kan náà. Kò sí ẹni tí kì í ṣe àna Fátúróti nínú wọn. Ọkọ ọmọ kò sì gbọdọ̀ rí àna kó dúró ṣánṣán, àfi kó dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ afárá rèé, ẹrẹ̀ dúdú ni, omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan ti rin ín gbingbin, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Aṣọ funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ ni Fátúróti fẹ́ràn láyé. Lọ́dún àkọ́kọ́ tó sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀meje ló dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó délé, Mọ́rẹ̀nikẹ́ ní kó bọ́ aṣọ náà síta kó tó wọlé. Ó búra pé òun kò tún ní lọ mọ́.

Láti ìgbà náà, òkè ló ti ń yẹ afárá wò. Á wa ọkọ̀ rẹ̀ dé àárín, á sọ gíláàsì kalẹ̀, á na ọwọ́ jáde, á gbá irin ẹ̀gbẹ́ afárá lẹ́ẹ̀mẹta, á ní, "Afárá, ṣé ara le?" Ẹ wá sọ fún mi, kí ni kọnkéré fẹ́ dáhùn? Á kọ ọ́ sínú ìwé pé ara rẹ̀ le, á fọwọ́ sí i, á sì máa lọ. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́ kò dákẹ́ o. Ó ránṣẹ́ sí i pé nǹkan ń já bọ́ sínú ìkòkò ẹ̀gẹ́ òun. Fátúróti ní ẹyẹ ni. Lọ́dún kejì, ìyá náà tún ránṣẹ́, ó ní ẹyẹ wo ló ń yàgbẹ́ òkúta. Fátúróti ní kí wọ́n bá òun kí Màmá. Nígbà tí ìyá náà rí i bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn èérún kọnkéré náà sínú garawa kan, ó ń fi ọmọrí dé e. Ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò lò ó.

Ọjọ́ náà dé. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ìlú wa ti wà nínú òkùnkùn kí ìjọba tó ní àwọn yóò gbé tiransifọ́mà ńlá kan wá fún wa. Tírélà ni yóò gbé e, orí afárá Ọ̀sẹ̀rẹ̀ ni yóò sì gbà. Àwọn onítírélà béèrè bóyá afárá náà lè gbé e. Wọ́n ṣí ìwé Fátúróti, wọ́n bá "ara rẹ̀ le" mọ́kànlá níbẹ̀ tó tò tẹ̀lé ara wọn. Inú wa dùn débi pé Baálẹ̀ ní a gbọ́dọ̀ yẹ́ àna wa sí, kí á fún un ní àga ọlá lọ́jọ́ tí iná bá ń wọ̀lú. Ṣé ẹ mọ bí oòrùn oṣù kejì ṣe máa ń rí? Etí odò la ti fẹ́ pàdé tírélà náà, igi kan kò sì sí níbẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tó ní ibòòji ni abẹ́ afárá, ibẹ̀ náà la sì to àga sí. Ìlà kejì ni tèmi wà, gẹ́lẹ́ lẹ́yìn àga ọlá. Mo tiẹ̀ bá ẹnì kan jà kí n tó rí i gbà, mo gọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Fátúróti dé nínú aṣọ funfun. Ó béèrè ibi tí àga rẹ̀ wà, a nawọ́ sí i. Ọkùnrin náà dúró gbagidi. Ó gbójú sókè, ìgbà àkọ́kọ́ rèé láti ọdún mọ́kànlá. Irin ti yọ síta lókè níbẹ̀, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀, bí egungun ẹja tí ológbò jẹ kù. Ibì kan sán tí ọwọ́ ènìyàn lè wọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, àwọn àdán sì ń ti inú rẹ̀ wò wá.

Ó ní oòrùn kò ṣe òun ní nǹkan kan, kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó síta. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wo ọmọlúàbí, àna wa kò ní jókòó sóòrùn lójú wa. Ó ní òun yóò kúkú dúró. Wọ́n ní a kì í fi àna sórí ìdúró. Ó ní inú ń run òun, wọ́n bu omi tútù fún un. Ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀, ìyá náà sì ń wò ó. Àga tí àna bá gbé kalẹ̀ fún ọkọ ọmọ, ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó kọ̀ ọ́? Fátúróti jókòó, ìdajì ìdí ló fi kan àga.

Bó ṣe gbé omi sẹ́nu ni èérún kọnkéré kan já bọ́ sínú ife, pó. Ó wo inú ife, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Òógùn bò ó. Èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ rí i bó ṣe ń gbójú sókè ṣáá, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba èmi náà láìmọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Tírélà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ó dúró ní ẹnu afárá. Awakọ̀ rán ènìyàn wá béèrè bóyá kí òun máa bọ̀. Baálẹ̀ yíjú sí Fátúróti.

"Àna wa, ẹ̀yin lẹ mọ ara rẹ̀. Ṣé kó máa bọ̀?"

Ẹ wò ó, bó bá ní kó má bọ̀, irọ́ ọdún mọ́kànlá tú nìyẹn, lójú gbogbo àna. Bó bá sì ní kó máa bọ̀, gbogbo wa la máa kú síbẹ̀, tòun tàga rẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Baálẹ̀ ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni, ó sì juwọ́ sí ẹni tí awakọ̀ rán wá.

Táyà iwájú gun afárá. Afárá kérora. Mo gbọ́ ọ, kò sí ẹni tó sọ fún mi. Eruku funfun rọ sórí fìlà Fátúróti. Ni ọkùnrin náà bá fò dìde, ó lọ nà gbọọrọ sínú ẹrẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, aṣọ funfun, fìlà, gbogbo rẹ̀. A pàtẹ́wọ́. A rò pé bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń kí afárá kú àbọ̀ iná nìyẹn. Baálẹ̀ gan-an ní kí àwọn ọkùnrin bá àna dọ̀bálẹ̀, bí èmi náà ṣe dojú bolẹ̀ nìyẹn. Fátúróti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti kún ẹnu rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ àfi Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́ tó gbé orí rẹ̀ sókè.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ dá wọn dúró. Mi ò wo abẹ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá."

Ìyá náà fi í sílẹ̀. Ó gbé garawa rẹ̀, ó sáré gun etí odò bí ọmọ ogún ọdún, ó sì da gbogbo èérún tó ti ṣa jọ lu gíláàsì tírélà. Awakọ̀ tẹ búréèkì. Ó ń bú wa bọ̀ látòkè, ṣùgbọ́n ó rìn sẹ́yìn. Àwa tí a wà lábẹ́ kò dúró gbọ́ èébú, a ti tú ká. Bí táyà ṣe kúrò lórí afárá báyìí ni òkúta kọnkéré kan tó tóbi tó ìlẹ̀kùn já, ó sì balẹ̀ sórí àga ọlá. A kò rí ẹsẹ̀ àga náà mọ́ títí dòní.

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́ padà wá, ó wo àga, ó wo àna rẹ̀ tí ẹrẹ̀ bò dé ìpéǹpéjú. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó, "ẹ̀yin" ló ń pè é. Lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ló kàn.

"Ọdún mọ́kànlá lo fi jókòó lé àgbàlagbà lórí, tí o ń bi í bóyá ara rẹ̀ le. Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i bó ṣe yẹ. Abẹ́ ni wọ́n ti ń kí afárá."

Fátúróti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ara afárá náà kò le. Ọdún kan àti oṣù méjì ni wọ́n fi tún afárá náà ṣe, inú òkùnkùn la sì wà. Wọ́n gba ọkọ̀ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá. Á dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, á gbé òòlù rẹ̀, á máa kan kọnkéré, á máa dẹtí. Kò wọ funfun mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí mi tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ẹnu afárá, tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo ń yọjú wo ìsàlẹ̀, tí àwọn èrò ọkọ̀ sì ń bú mi pé mo ń dá wọn dúró, ẹ má bá wọn dá sí i. Mo ń kí i ni. Abẹ́ ni wọ́n ti ń kí afárá. Ẹni tó bá kí i láti òkè, afárá á sọ̀kalẹ̀ wá dá a lóhùn.