Aṣojú Tó Fi Ẹnu Elébi Jẹ Adìyẹ

Ẹjọ́ tó gòkè wá sí ààfin wa lánàá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ti ewúrẹ́ tó jẹ oko olóko. Yunifásítì ni wọ́n ti gbé e wá. Àwọn ọmọ tí a rán lọ kàwé ló kó ìjà wọn wálé nígbà ìsinmi Kérésìmesì, tí ọyẹ́ ti bo gbogbo òkè Atakpamé.

Pauline, ọmọ ìlú Akparé, ló pe ẹjọ́. Hilaire, ọmọ ìlú wa níbí, ló pè lẹ́jọ́. Òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò yàn ní olórí ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń pè é ní Pirẹsidáǹ. Kóòtù àti táì ló wọ̀ wá sí ààfin nínú oòrùn ọ̀sán, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ó ń gbálẹ̀ bó ṣe ń rìn.

"Sọ tìrẹ, ọmọ mi," ni Ọba Ògúnkọ̀yà wí fún Pauline.

Pauline kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ̀wà ni wọ́n ń fún wa jẹ nílé oúnjẹ ọgbà. Kòkòrò inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ẹ̀wà lọ. A yan Hilaire pé kó bá wa sọ fún dìrẹ́tọ̀ ilé oúnjẹ. Ó lọ. Dìrẹ́tọ̀ gbé adìyẹ síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó padà wá. Ẹ̀wà wa kò yí padà."

Bàbá Bàbárímisá, àgbà ìgbìmọ̀, yán. "Ẹ̀wà lásán ló gbé ọ wá síwájú Ọba?"

"Bàbá, Céline ló gbé mi wá." Ó nawọ́ sí ọmọbìnrin kan tó ti rù, tó jókòó tì í. "Yàrá kan náà la jọ ń gbé. Inú ń run ún títí ó fi ṣubú lulẹ̀ ní kíláàsì. Bàbá rẹ̀ ti ní kò gbọdọ̀ padà mọ́, kó gba ọkọ́, kó máa bá òun lọ sóko òwú. Ìdánwò wa sì ti dé tán."

Ọba yíjú sí Hilaire. "Pirẹsidáǹ, ṣé lóòótọ́ lo jẹ adìyẹ?"

Hilaire dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára táì. "Kábíyèsí, èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́."

"Ta ló wá jẹ ẹ́?"

"Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni. Aṣojú wọn ni mí. Ohun tí mo bá rí, ojú wọn ló rí i. Ohun tí mo bá jẹ, ẹnu wọn ló jẹ ẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n tilẹ̀ dúpẹ́!"

Céline là á sọ: "Kábíyèsí, adìyẹ tí mo jẹ yẹn kò dé ikùn mi o."

"Ọ̀nà ló jìn," ni Hilaire dá a lóhùn.

Ọba fọwọ́ bo ẹnu. Hilaire ní òun ní ẹlẹ́rìí, ó sì pe Gérard, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn.

"Kábíyèsí," ni Gérard wí, "Hilaire sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà! Ó fọwọ́ lu tábìlì, ó ní, 'Ebi ń pa wá!' Ńṣe ni dìrẹ́tọ̀ ń gbọ̀n."

"Kí ni dìrẹ́tọ̀ wá sọ?"

"Ó ní, 'Ṣé kí n fi itan kan kún un?'"

"Ẹni tó ń gbọ̀n?" ni Bàbá Bàbárímisá bèèrè.

"Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n, Bàbá. Abọ́ yẹn wúwo."

"Ìwọ ńkọ́, ibo lo wà?"

"Ẹnu ọ̀nà."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

Gérard wo Hilaire, ó wo ilẹ̀. "Wọ́n na eegun sí mi."

Pauline pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Ọ̀kan jẹ ẹran, èkejì rún eegun!"

Inú bí Hilaire. "Kábíyèsí, ìwà ọmọlúàbí ni mo hù! Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa pé a kì í jẹun ẹni ká tún máa bú ẹni. Ṣé kí itan adìyẹ dìrẹ́tọ̀ wà lẹ́nu mi, kí n máa sọ pé oúnjẹ rẹ̀ kò dára?"

"Ọ̀rọ̀ yìí lójú díẹ̀," ni Bàbá Bàbárímisá wí.

Ọba ní kí wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán òun wá. Fùfú ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ adìyẹ. Ó ní kí wọ́n gbé e síwájú Hilaire. "Èmi ni dìrẹ́tọ̀. Jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ, kí gbogbo wa gbọ́."

Hilaire tún táì ṣe. "Ọ̀gá dìrẹ́tọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rán mi sí yín..." Òórùn ọbẹ̀ dé imú rẹ̀. "Wọ́n rán mi pé..." Ojú rẹ̀ bọ́ sínú abọ́. "...pé kí n kí yín, ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀, tó fẹ̀yìn ti ògiri, fi ìborùn bo ojú.

Wọ́n gbé abọ́ náà síwájú Pauline. Láti òwúrọ̀ ni kò tíì jẹun. Gbogbo wa la gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe kùn. Kò wo abọ́ náà.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ ṣeun oúnjẹ, ṣùgbọ́n oúnjẹ kọ́ ni mo bá wá. Ẹ̀wà yín ń pa wá. Ẹ jẹ́ ká máa wá bá yín ṣà á kí ẹ tó gbé e kaná. Céline ti ṣubú. Ta lẹ fẹ́ kó tún ṣubú kí ẹ tó gbọ́?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọba wá dájọ́. "Èmi kọ́ ni mo dìbò, n kò lè yọ Pirẹsidáǹ. Kó máa jẹ oyè rẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi ni n ó bá bàbá Céline sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ń padà sẹ́nu ìwé. Bí ẹ bá wọlé, Pauline ni yóò lọ bá dìrẹ́tọ̀ sọ̀rọ̀. Hilaire yóò bá a lọ, tòun ti kóòtù àti táì. Kó gbé abọ́ ẹ̀wà ọgbà dání, kíkún. Bí Pauline bá ti ń sọ̀rọ̀, kí òun máa jẹ ẹ́ níṣojú dìrẹ́tọ̀. Kò gbọdọ̀ tu kòkòrò kan dànù."

"Gérard ńkọ́?" ni Bàbá Bàbárímisá bèèrè.

"Òun ni yóò ha ìdí ìkòkò."

Hilaire ké gbàjarè. "Kábíyèsí! Bí ẹ̀wà bá kún ẹnu mi, ìgbà wo ni èmi Pirẹsidáǹ yóò wá sọ̀rọ̀?"

Ọba ti abọ́ adìyẹ sún mọ́ Pauline àti Céline.

"Ìgbà tí ẹ̀wà bá dára," ó ní.