Adìẹ Tó Ń Fò Sílé Aládùúgbò

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dá mi lóhùn: kí ló dé tí àgbà á rí ẹni tó fi ìdajì ọ̀rọ̀ dájọ́, tí yóò sì wí fún un pé, "Apá méjì ni adìẹ ní"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n! Bẹ́ẹ̀ jíjẹ adìẹ kò le fún yín. Ó yá, ẹ tẹ́tí.

Agboolé mẹ́rin ló yí igi ìyeyè kan ká ní abúlé Ìdí-Ìyeyè. Adìẹ gbogbo wọn a jẹ̀ nídìí igi náà. Tí oòrùn bá ti ń rọ̀, kálukú wọn a fò gba orí ọgbà wọ ilé olówó rẹ̀. Olè adìẹ kì í gbé ibẹ̀. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, ẹrù ló ń dì, ó di gbére nìyẹn.

Wọn kì í sì í mú irú-ọmọ lára àkùkọ kankan tí ìyá àgbà Moríyìíkẹ́, tó ń gbé ọ̀kan nínú agboolé náà, kò bá tíì yẹ̀ wò. Bí ọ̀dọ́ àkùkọ bá ti pààrọ̀ ìyẹ́ ọmọdé, á gbá a mú, á na apá rẹ̀ sí oòrùn. Bí àlàfo bá wà láàárín ìyẹ́, ó di ọbẹ̀. Bí ìyẹ́ kan bá wọ́, ó di ọbẹ̀.

Lọ́dún kan, ó yan àkùkọ pupa kan tó ń rìn bí ìjòyè. "Ẹ wo ìyẹ́! Ó tò bí eyín ọmọge!" Wọ́n so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fà á láti agboolé dé agboolé. Kò sí àgbébọ̀ tó sinmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, wọ́n ń fò. Wàhálà dé!

Moríyìíkẹ́ jí lọ́jọ́ kan, kò rí adìẹ rẹ̀. Ó gbóhùn wọn nílé Ọ̀pálékè, aládùúgbò rẹ̀ lápá òsì. Ó ta gìrì débẹ̀.

"Ọ̀pálékè! Olójúkòkòrò! Adìẹ mi lo kó pamọ́!"

"Kí n fi adìẹ rẹ ṣe kí ni? Tèmi gan-an dà? Àwẹ̀ró ló kó o!"

Wọ́n jọ wọ́ lọ bá Àwẹ̀ró aláròóyé. Òun náà ti káwọ́ lérí. "Ẹ gbà mí! Ilé Baálẹ̀ ni tèmi wà. Ta ni mo jẹ́ tí n ó pe Baálẹ̀ lólè?"

Kí wọ́n tó dé ọ̀hún, Baálẹ̀ ti fìbínú jáde. "Ó dára tí ẹ wá. Moríyìíkẹ́, àwọn adìẹ mi tó wà lórí igi ìdáná rẹ, ṣé ìwọ lo bí wọn?"

"Èmi kẹ̀? Èmi, olè?" Ariwo ni kò tíì jẹ́ kó yẹ ilé ara rẹ̀ wò! Níbo ni yóò di ẹrù gbà lọ pẹ̀lú ewú orí?

"Olè á kúrò nílùú," Baálẹ̀ wí.

"Baálẹ̀, tí gbogbo wa bá kúrò," Ọ̀pálékè dáhùn, "ta ló máa kù?"

"Àkùkọ!" Àwẹ̀ró ló sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń jà á lọ títí oòrùn fi ń rọ̀. Ni àwọn adìẹ bá gbéra. Ilé ni wọ́n kọjú sí o, àmọ́ bí wọ́n ṣe kúrò nílẹ̀ báyìí, ara wọn dagun, wọ́n yà bàrá sí òsì, gbogbo wọn! Ọ̀kan bà lé fìlà Baálẹ̀.

Ọ̀pálékè sáré gbé àkùkọ pupa, bàbá wọn, ó tú apá ọ̀tún. Ìyẹ́ pé pérépéré.

"Ṣebí mo wí!" Moríyìíkẹ́ fò sókè.

Ọ̀pálékè yí àkùkọ padà, ó tú apá òsì. Háà! Ó ti ìka mẹ́ta yọ láti inú àlàfo ibẹ̀, ó sì ń fi juwọ́ sí wọn.

Baálẹ̀ bèèrè pé, "Ta ló yẹ àkùkọ yìí wò?"

Moríyìíkẹ́ ń wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń há adìẹ mọ́yà látìgbà ọmọge, tó sì ń bo apá òsì adìẹ mọ́lẹ̀.

"Ọ̀tún... ọ̀tún nìkan ni mo máa ń tú," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

Ni gbogbo Ìdí-Ìyeyè bá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Apá méjì ni adìẹ ní, Moríyìíkẹ́!"