Àlìkámà Tí Bàbá Dínsà Ní Kí Wọ́n Gé fún Màlúù

Ní òkè Arsi, Ṣagítù ti gbin irúgbìn àlìkámà tuntun kan. Wọ́n ní ìyẹ̀fun rẹ̀ ń mú búrẹ́dì wú dáadáa, wọ́n sì ní àrùn eruku pupa kì í mú un. Lọ́la ni àwọn elétò ọ̀gbìn ń bọ̀ wá wò ó. Bí oko náà bá mọ́, wọn yóò rà á ṣe irúgbìn fún gbogbo abúlé. Ó ń se kọfí lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Dínsà, aládùúgbò rẹ̀, já wọlé.

"Ṣagítù, gbé dòjé! Gé gbogbo oko yẹn fún màlúù kí ilẹ̀ tó ṣú!"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó ná. Kí ni oko ṣe?"

"Àrùn ti wọ̀ ọ́."

"Wọ́n ní àrùn kì í mú un."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ oníwèé yẹn? Ogójì ọdún ni mo ti ń gbin àlìkámà!"

Ṣagítù mú ife kan. Ó bu kọfí fún un.

"Bàbá, mo wò ó lánàá. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀."

"Ìwọ wò ó, èmi la àárín rẹ̀ kọjá. Wo èyí." Ó na etí aṣọ ìbora funfun rẹ̀ síwájú. Ó pọ́n bí ata gígún. "Oko tó bá lárùn, eruku rẹ̀ ní í lẹ̀ mọ́ aṣọ. Aṣọ kì í purọ́."

"Yéè! Mo gbé!" Ṣagítù ki dòjé mọ́lẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wo yẹ̀rì ara rẹ̀, ó dúró. "Bàbá, èmi náà rin oko yẹn láàárọ̀ yìí. Yẹ̀rì mi funfun báláú."

"Apá ọ̀tún lo gbà. Apá òsì ni àrùn wà."

"Apá òsì ni mo gbà."

"O ò rìn ín dáadáa ni."

"Bàbá, oko tèmi nìkan lẹ là kọjá kí ẹ tó débí?"

"Báwo ni yóò ṣe jẹ́ tìrẹ nìkan? Ṣé mo fò ni? Oko tèmi ni mo kọ́kọ́ gbà, níbi tí mo gbin irúgbìn àtijọ́ sí, ojúlówó irúgbìn, èyí tí…"

Ó wo aṣọ rẹ̀. Ó rọra ká a pọ̀ sábẹ́ itan.

Ṣagítù sọ dòjé sílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ṣé ó ti ràn gan-an?"

"Ta ló ń sọ ti oko mi? Tìrẹ là ń sọ." Ó gbé kọfí mu, ó nu irùngbọ̀n. "Bí àwọn ọmọ oníwèé yẹn bá dé lọ́la, sọ fún wọn pé èmi Dínsà ti yẹ oko rẹ wò, mo sì jẹ́rìí sí i pé àrùn kankan ò sí níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Kí wọ́n má wulẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àpò irúgbìn méjì péré ti tó."